Ìlà Tí Kò Já

Ẹ̀gbọ́n kì í kí ènìyàn lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí ọ létí. Ìkíni á tẹ̀ lé e bí àyè bá wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àbíkẹ́yìn, wà nídìí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Kí ló dé tí Màmá kì í sùn?"

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní kí ló dé tí Màmá kì í sùn! Aago kan òru ni wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lánàá. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá níjẹta. Arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin! Kí ni wọ́n ń jí ṣe lákòókò yẹn?"

Àbíkẹ́yìn ro ọ̀rọ̀ náà wò, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, aago ọ̀dọ̀ yín lẹ fi ń wò ó. Aago méje àárọ̀ ni Màmá ń wọ̀n ọ́n níbí. Ojú ìwé ayélujára tí ẹ fi ń wò ó ló ń yí i padà sí aago ẹni tó bá ṣí i."

"Ta ló ní kó máa yí i padà?"

"Kò sẹ́ni tó ní kó má yí i padà ni."

"Ó dáa, ìwọ sọ fún un." Ó mí kanlẹ̀. "Káàsán. Ṣé o ti jẹun?" Kí Àbíkẹ́yìn tó lanu, ó ti pa fóònù.

Ọmọ méjì péré ni ìyá wọn bí, ọdún mẹ́tàlá sì wà láàárín wọn, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyá kejì fún àbúrò rẹ̀. Òkè òkun ló ń gbé, níbi tí aago ti fi wákàtí mẹ́fà gbẹ́yìn tilé. Nígbà tí bàbá wọn kú, orí fóònù ló ti gbọ́, nínú ọkọ̀ ojú irin, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì dárí ìyẹn ji ara rẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tó fi máa ń bínú kó tó kí ènìyàn, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá ní tiwọn, aránṣọ ni wọ́n. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé títí di bí a ti ń wí yìí. Etí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ti jẹ wọnú níbi tí ọwọ́ wọn máa ń gbé. Bébà tí wọ́n fi ń ya aṣọ kí wọ́n tó gé e so rọ̀ lára ìṣó káàkiri ògiri, orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀. Òmíràn nínú àwọn oníbàárà yẹn ti kú, Màmá ò sì já bébà wọn sílẹ̀. Wọn kì í gba iṣẹ́ mọ́, àfi kí wọ́n bá ọmọ aládùúgbò tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kí wọ́n tún un ká, kí wọ́n sì bú ọmọ náà díẹ̀ pé ó ń yára ga jù.

Ọdún tó kọjá ni òòyì kọ́ wọn lójú ọ̀nà ilé oògùn, wọ́n ṣubú lulẹ̀ gbì. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń bọ̀ wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ òun. Màmá ní ẹni tó bá fẹ́ gbé òun kúrò nínú ilé òun, kó ní sùúrù kí òun kú ná, kó wá gbé òkú. Ọ̀rọ̀ di fà-á-kí-n-fà-á títí Àbíkẹ́yìn fi bọ́ sáàárín.

Àdéhùn tí wọ́n wá ṣe nìyí. Fún oṣù mẹ́ta, Màmá yóò máa wọn ìfúnpá wọn láràárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí Ẹ̀gbọ́n rà ránṣẹ́, èyí tó ń fi iye tó bá rí ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àbíkẹ́yìn yóò ṣe ojú ìwé kan sórí ayélujára, tí iye wọ̀nyẹn yóò ti máa hàn bí ìlà, láti ọjọ́ dé ọjọ́, kí Ẹ̀gbọ́n lè máa wò ó lọ́hùn-ún. Àbíkẹ́yìn náà ni yóò máa ra oògùn Màmá wá lóṣooṣù, kí wọ́n má baà gba ọ̀nà tó gbé wọn ṣubú yẹn mọ́. Bí ìlà náà bá dára títí Ẹ̀gbọ́n yóò fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, Màmá ń gbé ilé wọn. Bí kò bá dára, kí wọ́n máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Iṣẹ́ tí Àbíkẹ́yìn ń ṣe jẹun sì nìyẹn. Iléeṣẹ́ omi ló wà, níbi tó ti ń ya àwòrán bí omi ṣe ń pọ̀ àti bí ó ṣe ń fà nínú adágún mẹ́rin tí gbogbo ìlú ń mu. Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé wọn, tó fi ìka kan ìlà, àpótí kékeré kan á yọ, á sọ ọjọ́, wákàtí àti iye omi tó wà níbẹ̀. Bó bá fi ìka méjì ya á, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo á fẹ̀ kún ojú fóònù. Ohun tó ṣe fún adágún náà ló wá ṣe fún ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago yẹn kò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó kọ àṣẹ kan sí i pé aago ilé Màmá ni kó máa lò níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣí i. Ìbàlẹ̀ ọkàn wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni fóònù tún dún.

"Àbíkẹ́yìn! Òkè! Mo rí òkè!"

"Òkè wo?"

"Ìlà Màmá! Ó ti ilẹ̀ gùn dé àjà láàárọ̀ yìí! Gbé wọn lọ sílé ìwòsàn!"

Àbíkẹ́yìn sáré ṣí ojú ìwé náà. Mẹ́rìndínláàádóje ni ìfúnpá Màmá lánàá, lónìí, mọ́kànléláàádóje. Márùn-ún péré ló fi lé. Ṣùgbọ́n àwòrán náà, bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, iye tó kéré jù ló máa ń fi ṣe ilẹ̀, iye tó pọ̀ jù ló ń fi ṣe àjà; bí ìyàtọ̀ wọn ò tiẹ̀ ju èékánná lọ, yóò nà án títí yóò fi kún yàrá. Àbíkẹ́yìn kan ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọgọ́ta, ó kan àjà rẹ̀ mọ́ igba, ó sì fi àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ kun ibi tí dókítà fẹ́ kí ìfúnpá wà. Òkè Ẹ̀gbọ́n di ilẹ̀ títẹ́jú. Màmá, tí kò mọ ohun tó ń lọ, ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ aládùúgbò nílé wọn.

Ìgbà kẹta ni ti àlàfo.

Oṣù kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n pè é, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí tó burú ju igbe lọ. "Ìlà yẹn já. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi sí. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Níbo ni Màmá wà ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn?"

Àbíkẹ́yìn pe Màmá. Màmá ní bátìrì ẹ̀rọ náà ló kú. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n sì fi bátìrì mẹ́rìnlélógún ránṣẹ́. Ní ìparí oṣù kejì, ìlà tún já, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Màmá ní òun gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n pe Àbíkẹ́yìn nígbà mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ìparí oṣù ni iṣẹ́ máa ń dì mọ́ Àbíkẹ́yìn lọ́rùn jù, nítorí ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ń béèrè àwòrán omi gbogbo oṣù. Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án tí fóònù dún, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Àṣẹ kan wà nínú ohun tó ń darí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó ń béèrè bóyá kí ìlà fo ibi tí kò sí iye kọjá, kó so tẹ̀yìn mọ́ tiwájú. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àbíkẹ́yìn pa "bẹ́ẹ̀ kọ́" rẹ́, ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Ojú ẹsẹ̀ ni ìlà Màmá dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ ibi tó ti já.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò purọ́. Òun kò dá iye kankan sílẹ̀. Ìlà lásán ni òun fà láti ibi tí òun mọ̀ dé ibi tí òun mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tún pè ní ọjọ́ kejì, ó ní, "Ó ti dáa wàyí. O ṣeun, àbúrò mi." Ìpè náà sì dáwọ́ dúró.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ ni pé ọkùnrin yìí mọ̀. Lára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀ níbi iṣẹ́, bébà ńlá kan wà tí òun fúnra rẹ̀ kọ: IBI TÍ A KÒ BÁ WỌN OMI, KÍ ÌLÀ JÁ. Nígbà kan rí, ẹ̀rọ ìwọnmi adágún kẹta kú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan so ìlà rẹ̀ pọ̀, gbogbo ọ̀gá ń wò ó pé omi wà, àfìgbà tí ẹ̀rọ omi ń da afẹ́fẹ́ nìkan sínú korobá àwọn ará ìlú. Àbíkẹ́yìn ló rí àṣìṣe yẹn, òun náà ló fi bébà kọ́ ògiri. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹta, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí Ẹ̀gbọ́n dé, Àbíkẹ́yìn gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ fún Màmá láti wò. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun á fi hàn wọ́n. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ohun tí kò wọ́pọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ló bá fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí i. Màmá jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọn ò dìde bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"Ìwọ nìyẹn. Jókòó. Àbí o fẹ́ mu omi?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Nǹkan ni mo fẹ́ fi hàn yín."

Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìgéṣọ. Màmá wọ awò wọn, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wo ìlà náà títí.

"Gbogbo èyí, èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni. Láti oṣù mẹ́ta."

"Mo mà gùn o." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan án. Àpótí kékeré yọ: ọjọ́ Rú, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, méjìdínláàádóje. "Háà," ni Màmá wí, "ọjọ́ tí ìyàwó ilé kejì bímọ nìyẹn. Igbe ọmọ ló jí mi." Wọ́n tún tẹ òmíràn. Ọjọ́ tí òjò wọlé láti ojú fèrèsé. Wọ́n tún tẹ òmíràn. Wọ́n ń rìn lórí ìlà náà bí ẹni ń wá ibi tí òwú ti yọ lára aṣọ, ìka wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé ìparí oṣù kejì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò yọ. Wọ́n tún un tẹ̀.

"Kí ló dé tí ibí ò fọhùn?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀ ni, Màmá. Àwọn ọjọ́ tí ẹ gbàgbé nìyẹn."

"Ṣebí ìlà wà níbẹ̀?"

"Èmi ni mo so ó pọ̀."

Màmá bọ́ awò wọn. "Mi ò gbàgbé," ni wọ́n wí.

Àbíkẹ́yìn wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wá rí i pé ojú náà ti rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ọwọ́ kan wọn sì di etí tábìlì mú.

"Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ," ni Màmá wí, "mi ò wọn ẹni tí ara rẹ̀ ò dá rí. Obìnrin á wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á wú, màá ní kó padà sílé, kó wá lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Bí mo bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn, àìsàn rẹ̀ ni mo rán aṣọ fún, kì í ṣe òun. Nítorí náà, ọjọ́ tí òòyì bá ń kọ́ mi, mo máa ń sọ fún ara mi pé ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n mi. Màá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó síbí títí yóò fi lọ." Wọ́n gbé awò wọn sórí tábìlì. "Ẹ̀rù sì tún ń bà mí. Irọ́ ni màá pa fún ọ bí mo bá ní kò bà mí."

Àbíkẹ́yìn fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó wá àṣẹ yẹn rí, ó pa "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ́, ó sì dá "bẹ́ẹ̀ kọ́" padà sípò rẹ̀. Ìlà náà já níbi méjì. Kò tán síbẹ̀. Nígbà tó wo ìpẹ̀kun rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ọjọ́ Rú ló ti dúró. Kò sí Ọjọ́bọ̀. Kò sí ọjọ́ Ẹtì. Kò sí òní.

Ẹni tó bá ń fi ojú wo omi adágún lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kó tó rí ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìparí oṣù, ìparí oṣù, ìparí oṣù.

"Màmá, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù?"

Màmá gbé ojú sí fèrèsé. "Ṣebí ìwọ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ fún ní ìparí oṣù."

Ó dìde, ó fa dúrọ́ọ̀ tí wọ́n máa ń kó òwú sí, níbi tí wọ́n máa ń fi oògùn pamọ́ sí. Páálí oògùn wà níbẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ ti fọ́, kò ku ẹyọ kan. Ó kà á. Méje lórí ìlà kan, ìlà mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni páálí kan. Òun sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ní òun á máa gbé e wá lóṣooṣù. Oṣù kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta máa ń lé sí i, òun tún máa ń dúró kí iṣẹ́ ìparí oṣù tán kó tó lọ rà á. Ọkùnrin tó tún aago ṣe fún Ẹ̀gbọ́n lókè òkun, kò ka ọjọ́ tó wà nínú páálí oògùn ìyá rẹ̀. Òun gan-an ni ìparí oṣù. Lónìí pàápàá, kọ̀ǹpútà ló gbé wá. Oògùn, ó ti fi sí ọjọ́ Ajé.

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"O ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí o rójú. Mo sì rò ó pé bí mo bá pè ọ́, o ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbọ́…" Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibi tó jẹ wọnú létí tábìlì náà.

Ojú ti Àbíkẹ́yìn débi pé ilẹ̀ ló ń wò. Ó gbé ẹ̀rọ ìfúnpá, ó wé e mọ́ Màmá lápá, àwọn méjèèjì sì jókòó dúró dè é bí ẹni ń retí ìdájọ́. Igba ó dín méjìlá. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì kékeré roboto kan fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ó pe dókítà. Dókítà bi í léèrè bóyá Màmá lè gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, bóyá ọ̀rọ̀ ń já gaara lẹ́nu wọn, bóyá àyà ń dùn wọ́n. Ó ní kí ó wá oògùn náà kíákíá, kí Màmá sinmi, kí wọ́n sì gbé wọn wá bí iye náà kò bá wálẹ̀ kí oòrùn tó yí. Àbíkẹ́yìn pe ìyàwó ilé kejì kó wá jókòó tì wọ́n, òun sì sáré já títì. Ó rí oògùn rà. Nígbà tí oòrùn yí, iye náà ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ, Màmá sì ti ń bá ìyàwó ilé kejì jà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ sẹ́yìn.

Nígbà tó ku àwọn méjì, Màmá na ìka sí kọ̀ǹpútà.

"So ó pọ̀ padà."

"Màmá."

"Oògùn ti dé, ara mi ti balẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ péré. So ó pọ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá, kó rí ohun tó fẹ́ rí, kó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá rí ihò wọ̀nyí, ọjọ́ kan náà ni yóò di ẹrù mi. Ibo lo fẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ yìí sí lọ́hùn-ún? Ta ni màá mọ̀ níbẹ̀?"

Omi ti wà lójú wọn, Àbíkẹ́yìn kò sì rí ìyá rẹ̀ sunkún láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá. Ó fi ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó fẹ́ kọ ọ́. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ kọ ọ́ gidigidi.

"Màmá," ló wí níkẹyìn, "bí mo bá so ó pọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ṣubú nínú yàrá yìí, ìlà yín á ṣì máa lọ. Èmi á jókòó síbi iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n á wà lọ́hùn-ún, a ó máa wò ó pé ara yín le."

Màmá wo ìlà náà pẹ́. Àwọn bébà ara ògiri ń mì díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ìwọ lo fà á."

Ààyè wà nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ọjọ́ kan, tí ẹni tó bá fi ìka kàn án yóò rí i kà. Níbi iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ ni "òjò ńlá rọ̀" tàbí "wọ́n ń fọ adágún". Àbíkẹ́yìn kọ ohun kan náà sínú àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Oògùn tán. Òòyì ń kọ́ Màmá. Àbíkẹ́yìn kò gbé òmíràn dé lásìkò." Ó fi ránṣẹ́ sórí ayélujára kí ọkàn rẹ̀ má baà yí padà, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì, ó ń wò ó.

Kò tó ìdajì wákàtí tí fóònù fi dún. Ó tẹ̀ ẹ́ sí ohùn gbangba lórí tábìlì níbẹ̀.

"Káàsán, Àbíkẹ́yìn."

Ìkíni yìí já a láyà ju igbe lọ. "Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú sí Màmá. Èmi ni mo so ìlà yẹn pọ̀, èmi náà ni oògùn…"

"Mo ti kà á. Báwo ni wọ́n ṣe wà báyìí?"

"Ó ti ń wálẹ̀. Wọ́n ti lo oògùn."

"Ìgbà mélòó ni mo pè ọ́ nítorí ìlà yìí láti oṣù mẹ́ta?"

"Ó pọ̀ díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó nínú fóònù mi. Ìgbà mọ́kànlélógójì. Ìgbà mélòó ni mo pe Màmá? Mẹ́rin. Kọ tèmi náà sí i."

"Kí n kọ kí ni?"

"Kọ ọ́ pé Ẹ̀gbọ́n ń wo ìlà, kò pe Màmá."

Màmá, tí fóònù náà ń sọ̀rọ̀ sí létí láti orí tábìlì, wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn. "Ẹ̀yin ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "ẹ má sọ ìfúnpá mi di ìwé ẹ̀bẹ̀ o." Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn wọn, ó sì bú sẹ́kún lọ́hùn-ún. Màmá gbé fóònù náà, wọ́n ní kí Àbíkẹ́yìn jáde síta díẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn, kò sẹ́ni tó sọ fún un títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n dé lọ́jọ́ kẹjọ, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sùn ní yàrá tó ti sùn nígbà èwe, ó bá Màmá lọ rí dókítà, ó bá àwọn bébà ara ògiri jà títí ó fi rí tirẹ̀, tọdún tó jáde ilé ìwé. Kò dárúkọ ẹrù. Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, ó jókòó ti Màmá níbi tí wọ́n ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

"Màmá, ilé yín ni. Mi ò gbé yín lọ síbì kankan. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún."

"Kí ni?"

"Ẹ máa wọn ọjọ́ tí kò dáa náà."

Màmá fi eyín já òwú. Wọ́n gbé ṣòkòtò náà sókè wò ó lójú fèrèsé.

Oṣù méjì kọjá. Àbíkẹ́yìn kò dúró de ìparí oṣù mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹrin, bí àwọn ọ̀gá tilẹ̀ ń pè é, oògùn ń wọnú dúrọ́ọ̀ òwú. Ìlà Màmá ń lọ nínú àwọ̀ ewé rẹ̀, àárọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà mìíràn, ó máa ń wò ó kó rò pé bóyá ìyá òun ṣì ń yan ọjọ́ tí wọ́n ń fi hàn òun. Kò bi wọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n lápò. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣí ojú ìwé náà. Àmì tuntun kan wà lórí rẹ̀, ó ti fo àwọ̀ ewé kọjá réré. Méjìléláàádọ́sàn-án. Ẹ̀rù bà á. Inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn débi pé ó dúró lójú títì tó ń da omijé níwájú àwọn tí wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ó yí padà kúrò níbi ọkọ̀, ó ń rìn, ó ń sáré díẹ̀, ó ń pè.

"Màmá, mo ti rí i. Mo ń bọ̀."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí. "Mo ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè ọ́."